Rédíò Kan, Odindi Àdúgbò

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1955 sí 1975 ni kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ohun tí ìyá lè rántí ni pé ọjọ́ ọjà ni ọmọ náà dé, tàbí pé ọdún tí ọba ìlú wàjà ni. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ lọ sí ilé ìwé, olùkọ́ kì í béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yóò ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi ìka kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó ilé ìwé nìyẹn. Bí kò bá kàn án, ilé ló ń padà lọ, àwọn mìíràn á sì máa sunkún tẹ̀lé ìyá wọn. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn a ti máa dánra wò nílé ṣáájú, wọ́n á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọwọ́ lè dé ibi tí kò tíì lè dé.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló sọ àyẹ̀wò etí yìí di ohun tí gbogbo ilé mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ láìgba owó. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà kò fi púpọ̀ lé ní 450,000. Ní ọdún 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 1979, àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ń ṣe ìjọba wọn, Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Èkó àti Bendel, tún sọ ilé ìwé girama náà di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé: àwọn tó lo ìgbà èwe wọn láàárín 1970 sí 1986, pàápàá ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Oṣogbo, Èkó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Wọ́n ti di ìyá àti bàbá àgbà báyìí.

Kí wọ́n tó rí ilé ìwé rárá láàárọ̀, wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ọmọ tó bá ti lè gbé garawa ní láti pọn omi, àwọn ọmọbìnrin a sì gbá ojúde kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà fún ọ̀pọ̀ ojúlé, tí garawa á tò lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀ láti ìdájí. Ẹni tí kò bá lè dúró a fi agolo tàbí òkúta sípò rẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì mọ ẹni tó ni òkúta náà. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn omi ni ẹ̀kọ mímu àti àkàrà, tàbí ẹ̀wà tí a bù sínú ewé, kí ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, tí ẹlòmíràn kò sì wọ bàtà.

Owó tó wà lọ́wọ́ ọmọ kò ju kọ́bọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́ùn, ṣílè àti pẹ́nì. Ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Àwọn àgbà kò yí ẹnu padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ṣì ń jẹ́ ṣílè, kọ́bọ̀ márùn-ún ń jẹ́ sísì, náírà méjì sì ń jẹ́ pọ́ùn kan. Bí ìyá àgbà bá ní kí ọmọ lọ ra ẹ̀kọ sísì wá, ọmọ ní láti ti yí i sí kọ́bọ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ, kí ó sì tún mọ ṣéńjì tí yóò gbà. Ilé ìwé kọ́ ló kọ́ wọn ní ìṣirò yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tún títì sísọdá kọ́ ní ọdún 1972, nígbà tí ọkọ̀ kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀nà ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, tí gbogbo ilé sì ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn nípa apá ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Síléètì àti ẹfun ni àwọn ọmọ kíláàsì kìíní fi ń kọ ábídí, nítorí ìwé wọ́n. Ìwé *Aláwíyé* tí J. F. Ọdúnjọ kọ wà nínú àpò ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ewì inú rẹ̀ sì ti wọ orí wọn débi pé àwọn tó kà á nígbà náà ṣì lè kà á láìwo ìwé lónìí. Pàṣán wà ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì olùkọ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé a jẹ ẹgba, ẹni tí èékánná rẹ̀ bá gùn a jẹ ẹgba, ẹni tí kò bá mọ ìsọdipúpọ̀ náà a jẹ tirẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á mú àdá wá láti ro koríko ọgbà ilé ìwé. Ní Èkó, àwọn ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ débi pé àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án, títí di ìgbà tí ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ tí ó sì fòpin sí ètò ọ̀sán náà lẹ́yìn 1979.

Ohun kan wà nínú ilé ìwé ìgbà yẹn tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa rántí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, Yorùbá sísọ láàárín ọgbà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ń ṣọ́ ara wọn, wọ́n ń kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀, ẹni tó bá sì fi èdè ìyá rẹ̀ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ a san owó ìtanràn tàbí kí ó kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Ọmọ ọdún méje tí ebi ń pa, tí kò tíì mọ bí a ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ bẹ́ẹ̀, a dákẹ́. Ìpalára gidi ni. Lásìkò kan náà, ní Mọdákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's 'A', níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún odindi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwọn ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ yẹn gbádùn ohun tí ì bá jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ẹgbẹ́ wọn.

Bí agogo ìpadàsílé bá ti lù, ọjọ́ tuntun ló bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ilé ìtajà ohun ìṣeré fún wọn, bó bá sì wà, owó kò sí. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣeré ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Láti ṣe ọkọ̀, ọmọkùnrin á wá agolo sàdíìnì tàbí agolo mílíìkì. Á fi ìṣó lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, á ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ihò náà, á wá gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti já sí róbótó mẹ́rin fún ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tí kò rí sílípáàsì a lo ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Okùn ni wọ́n fi ń fà á. Àwọn tó mọṣẹ́ jù a fi wáyà ṣe ìtọ́kọ̀ gígùn tí wọ́n á máa fi darí rẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹrẹ̀ sínú agolo kí ọkọ̀ má baà dojú dé ní kọ́nà. Ọmọ tó ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ nípa òṣùwọ̀n, ìwúwo àti ìyípo kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sójú pátákó fún un. Ẹni tí agolo kò bá sì sí fún a ti táyà ògbólógbòó, á fi igi kan máa lù ú, á máa sáré tẹ̀ lé e láti ìkóríta dé ìkóríta. Tí wọ́n bá rán an níṣẹ́, táyà yẹn ni yóò bá a lọ.

Òkòtó ni ti àwọn tí ọwọ́ wọn yá. Ṣóńṣó ìkarahun ìgbín ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, kí wọ́n tó máa fi páànù tàbí ike ṣe é. Ọmọ á fi àtàǹpàkò àti ìka méjì yí i, òkòtó á máa jó lórí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀, olówó rẹ̀ á sì ní láti fi ìka dá a dúró kí ó dorí kodò. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣubú yẹ̀rẹ̀ a na ẹ̀yìn ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì fi òkòtó gbá a. Ẹ̀yìn ọwọ́ àwọn ọmọ kan a máa wú fún ọjọ́ púpọ̀, síbẹ̀ wọn kò ní sọ nílé, nítorí ẹgba mìíràn ń dúró dè wọ́n níbẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin ní tẹ́ńtẹ́ń. Méjì dojú kọra wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fò, bí orin bá sì já, kálukú á na ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹnì kan ló ń jẹ bí ẹsẹ̀ bá ṣe déédéé, ẹnì kejì ló ń jẹ bí kò bá ṣe déédéé. Ìyára ojú àti ìrántí ni gbogbo rẹ̀, nítorí ẹni tó bá kíyè sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáadáa a máa mọ ẹsẹ̀ tí yóò gbé kí ó tó gbé e. Wọ́n tún ní sùúwè: wọ́n á fa ilà sórí ilẹ̀, wọ́n á ju àpáàdì sínú ojúlé kan, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ kan fò láìtẹ ilà. Ẹni tó bá parí ìrìn rẹ̀ gba ilé kan, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn án mọ́. Bójúbójú wà fún tọkùnrin tobìnrin, bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́ wà fún ojú títì, pẹ̀lú òkúta méjì méjì fún ojú ilé. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, gbogbo wọn á dúró, wọ́n á gbé òkúta kúrò, wọ́n á sì tò ó padà.

Bí ilẹ̀ bá ṣú tí òṣùpá sì yọ, àlọ́ ni. Wọn kì í pa á lọ́sàn-án. Àwọn àgbà ní èèwọ̀ ni, ó sì jọ pé òfin yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ ojúmọ́ parí kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ló máa ń ṣáájú, láti jí ọpọlọ àwọn ọmọ, kí Ìjàpá tó wọlé dé. Kì í ṣe ìyá ọmọ nìkan ló ń pa á. Ẹnikẹ́ni tó bá lẹ́nu nínú agboolé lè pa á, ọmọ ẹnikẹ́ni sì lè jókòó síbẹ̀. Ní ọdún 1984, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NTA gbé ètò *Tales by Moonlight* jáde, àwọn ọmọ ìlú ńlá sì ń gbọ́ ìtàn lọ́dọ̀ àǹtí kan nínú ẹ̀rọ. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni inú ẹ̀rọ kò lè gbọ́ bí ọmọ bá dá a lóhùn, kò sì lè fi orúkọ ọmọ kan sínú ìtàn kí ojú lè tì í nítorí ẹran tó jí nínú ìkòkò lánàá.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò sì tíì jẹ́ ti ẹnì kan. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ló mú rédíò alápótí, Rediffusion, dé Èkó ní ọdún 1935 àti Ìbàdàn ní ọdún 1939: àpótí kan lára ògiri, wáyà kan, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́ èsì, ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí rédíò oníbátìrì dé, bàbá tó ní i a gbé e sí ojú fèrèsé, a sì yí ohùn rẹ̀ sókè kí àwọn tó wà ní ìta lè gbọ́ ìròyìn, ìkéde òkú àti orin Ebenezer Obey, Sunny Adé tàbí Àyìnlá Ọmọwúrà.

Ọjọ́ tí rédíò yẹn ṣiṣẹ́ jù lọ ni ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ọdún 1980. Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Algeria ní pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, nínú àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Láwàl gbá ẹ̀kẹta, Algeria kò rí ẹyọ kan. Ọmọ ẹgbẹ́ Shooting Stars Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì, ẹgbẹ́ tó ti gba ife African Cup Winners' Cup ní ọdún 1976. Fún ọmọ Ìbàdàn tó ń gbá fẹ́lẹ́lẹ́ láàárín òkúta méjì, àwọn ará ilé ló gba ife yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn kò fojú rí góòlù náà. Etí ni wọ́n fi rí i, níbi tí ogún tàbí ọgbọ̀n èèyàn ti yí rédíò kan ká.

Tẹlifíṣọ̀n pẹ́ kí ó tó dé ọ̀pọ̀ ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ọ̀nà kan lè ní ẹyọ kan. Àwọn ọmọ á fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, wọ́n á kí bàbá onílé lórí ìdọ̀bálẹ̀, wọ́n á jókòó sílẹ̀. Ẹni tí kò ráyè nílẹ̀ a dúró sí fèrèsé. Ìrọ̀lẹ́ ni ètò ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó bá sì tètè dé a máa wo àwòrán ilà-ilà tó dúró gbagidi, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mósès Ọláìyá, aláwàdà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sàlá, ni gbogbo wọn ń retí. Nígbà tí ó gbé fíìmù *Ọ̀run Móoru* jáde ní ọdún 1982, kò sí ọmọ tó ń béèrè ẹni tí í ṣe. Àwọn tí kò rí tẹlifíṣọ̀n rárá ní ìwé *Atọ́ka*, tó ń fi fọ́tò àwọn eléré tíátà sọ ìtàn, ọ̀rọ̀ wọn sì wà lórí àwòrán. Ẹ̀dà kan a kọjá lọ́wọ́ ogún ọmọ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ya. Púpọ̀ nínú wọn ló tipa *Atọ́ka* mọ Yorùbá kà, ilé ìwé tó ń gba owó ìtanràn kò sì mọ̀.

Ìpápánu náà jẹ́ àjọjẹ. Gúrúdí, bàbá dúdú, àádùn, róbó, kókóró, ìpékeré, gùgúrú àti ẹ̀pà. Bí ọmọ kan bá ra dòdò Ìkirè, gbogbo ọwọ́ ló ń nà. Ẹni tó bá dá jẹ ẹ́ yóò gbọ́ orúkọ tí wọ́n á sọ ọ́ fún oṣù kan. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ tó ń ta Fan Ice a máa fun fèrè kọjá lọ́sàn-án, àwọn ọmọ méjì a sì dáwó ra ẹyọ kan. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn ọmọ wà lára àwọn tó ń kiri ọjà náà. Àtẹ wà lórí wọn lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n ń wo àwọn tó ń ṣeré, wọn kò sì lè dúró.

Gbogbo àgbà àdúgbò ló ní àṣẹ lórí gbogbo ọmọ. Ìyá alákàrà lè nà ọ́ bí ó bá rí ọ níbi tí kò yẹ, bí o bá sì délé lọ rojọ́, ìyá rẹ á tún nà ọ́ kún un, á sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kì í pe àgbà lórúkọ: bọ̀ọ̀dá ni, àǹtí ni, Ìyá Ìbejì ni, Bàbá Télọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló dàgbà láìmọ orúkọ gan-an tí ìyá onílé wọn ń jẹ́. Àṣẹ yẹn dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ewu púpọ̀. Ó sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ lọ́wọ́ àgbà tí ó ń fi ìbínú ara rẹ̀ nà wọ́n, tí kò sí ẹni tó bá wọn gbèjà. Òtítọ́ ni méjèèjì.

Wọ́n sì sin ọ̀rẹ́. Àárẹ̀ èéyi ń kó àwọn ọmọ lọ lọ́dọọdún. Ọdún 1979 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ètò àjẹsára ńlá fún gbogbo ọmọ. Ìgbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1970, àpá bùpá tí wọ́n fi lé e lọ ṣì wà lápá àwọn tó dàgbà nígbà náà. Ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa tó la àárín ìlú kọjá ti kún àkúnya ní 1960, 1963 àti 1978, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, kọjá gbogbo wọn. Omi gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Àwọn ọmọ tó la ọjọ́ yẹn já ṣì máa ń wo òkè kíákíá bí òjò bá pẹ́ jù.

Lẹ́yìn 1983 ni nǹkan ń yí lójú wọn. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Bùhárí àti Ìdíàgbọn kéde ogun lórí ìwà àìníjàánu, gbogbo èèyàn sì kọ́ bí a ṣe ń tò, pàápàá àwọn ọmọ tí wọ́n rán lọ tò fún ìrẹsì àti mílíìkì. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, wọ́n yí àwọ̀ owó padà. Ní 1986, ètò ọrọ̀-ajé SAP ti ìjọba Babangida dé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, kọ́bọ̀ sì ń kúrò lọ́wọ́ ọmọdé. Àwọn ìdílé kó kúrò ní agboolé lọ sí fúláàtì tó ní ògiri àti géètì. Fídíò dé, ilé kọ̀ọ̀kan sì ra tirẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fóònù, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé kan náà lè ní.

Ìyà ti pọ̀ tó nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó yẹ kó gbàdúrà kó padà. Ohun tí ó tọ́ kí a ṣọ̀fọ̀ ni pé ìmọ̀ ọwọ́ àti ẹnu tí àwọn ọmọ yẹn kó jọ ń bá àwọn tó ni ín wọ ilẹ̀. Òfin eré òkòtó yàtọ̀ láti Abẹ́òkúta sí Oṣogbo. Orin tẹ́ńtẹ́ń ìgboro kan kì í ṣe ti ìgboro kejì. Díẹ̀ nínú wọn ló wà nínú ìwé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ má ṣe dúró de yunifásítì kankan. Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ níwájú ìyá yín, ẹ̀gbọ́n yín tàbí ẹni tí ẹ jọ pọn omi nígbà náà, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀: orúkọ eré, òfin rẹ̀, orin rẹ̀, ohun tí wọ́n ń tà àti iye tí wọ́n ń tà á, orúkọ àdúgbò tí wọ́n ti yí padà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún ọmọ kíláàsì kẹrin ní agolo, ìṣó àti sílípáàsì tó já, kí ẹ sì pe bàbá àgbà kan wá kọ́ wọn. Ẹ ṣe é ní ìsinmi tó ń bọ̀ yìí.